Kàsímù Fi Owó Kíṣìnì Ra Agbábọ́ọ̀lù

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ní kí a má fi orúkọ òun pamọ́. Ó ní kí ló tún kù tí a fẹ́ fi pamọ́, nígbà tí gbogbo Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́, tí àwọn ará Barking sì ti gbọ́ ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Ohun tó kàn ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀yin ọkùnrin tí owó ìyàwó wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, fara balẹ̀ kà á.

Kàsímù ló ń jẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilé rẹ̀ wà ní Becontree. Karimot ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú eyín. Jannah ọmọ wọn wà ní yunifásítì, ìyẹn kò sí nílé nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ó sì ní òun dúpẹ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ìrókò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni Kàsímù ti jáde. Lọ́dọọdún, bí oòrùn bá ti ń ràn díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá ara wọn díje nínú bọ́ọ̀lù ní Parsloes Park. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún un. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá gba ife, wọn yóò ra àga àti tábìlì kíláàsì kan ránṣẹ́ sí i nílé.

Kàsímù ni máníjà Òkè-Ìrókò. Òkè-Ìrókò kò gba ife rí. Lọ́dún tó ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, Ìsàlẹ̀-Odò gbá góòlù méje sáwọ̀n wọn, wọn kò dá ẹyọ kan padà.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé Láyí, máníjà Ìsàlẹ̀-Odò, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni òun náà. Gáráàjì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gbé bọ́ọ̀sì jáde. Láti ọjọ́ náà, Láyí kò kí Kàsímù ní "ẹ káàárọ̀" mọ́.

"Méje," ni yóò wí, tí yóò sì lọ po tíì rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí Kàsímù pé, Láyí ra kéèkì wá fún un níbi iṣẹ́. Kéèkì náà dùn. Àbẹ́là méje ló gún sórí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Karimot sọ pé òun fẹ́ tún kíṣìnì ṣe.

Ó tọ́ sí i. Kíṣìnì ọ̀hún ti darúgbó ju onílé lọ. Bí èèyàn bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, èkejì yóò ṣubú. Karimot dá èésú níbi iṣẹ́, nígbà tó sì kó o, ó gbé gbogbo owó náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Jannah, ẹ bá mi bójú tó o," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀."

Oníṣẹ́ tí wọ́n rí ni Abdulrasheed, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan láti àdúgbò Alibon. Lọ́jọ́ tó dé, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti tú kíṣìnì àtijọ́ palẹ̀. Ibi tó ti ń yọ kọ́bọ́ọ̀dù tó gbẹ̀yìn, tó ń ṣàlàyé táìlì fún Kàsímù, ni àlùbọ́sà kan ti yí bọ́ látòkè.

Abdulrasheed kò wolẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì, àlùbọ́sà bà lé e bí ẹyẹ. Ó ta á sókè, ó fi orúnkún gbà á, ó fi àyà gbà á, ó fọwọ́ mú un, ó gbé e sójú fèrèsé. Kò dá ọ̀rọ̀ táìlì dúró.

Kàsímù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ táìlì mọ́.

"Abdulrasheed, níbo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Èwo, sà?"

"Àlùbọ́sà."

Abdulrasheed rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, sà. Ẹ̀yìn ni mo máa ń gbá."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo lo lọ nílé?"

"Ṣàgámù ni mo ti kàwé."

Kàsímù wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó rántí kéèkì.

"Ṣàgámù sí Òkè-Ìrókò kò jìnnà," ló wí.

Ẹ má ṣe rò pé ó jókòó, ó pète pé òun fẹ́ rẹ́nijẹ. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé eré ni, pé ẹnì kan ṣoṣo ni, pé àga àti tábìlì àwọn ọmọdé ló wà nídìí rẹ̀. Abdulrasheed gan-an ló mẹ́nu ba owó.

"Sà, Sátidé ni mo máa ń ríṣẹ́ jù. Tí mo bá lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó ojúmọ́ mi ti lọ nìyẹn."

"Èmi á san ojúmọ́ rẹ."

"Owó tí mo mọ̀ lọ́wọ́ yín, sà, owó kíṣìnì Mọ́mì ni."

"Ta ni mo fẹ́ san owó kíṣìnì fún tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ náà ni mo ṣì ń san án fún. Iṣẹ́ ló yàtọ̀."

Abdulrasheed rò ó títí, kò rí ibi tí irọ́ wà níbẹ̀. Ó gbà.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀dọ̀ Abdulrasheed kọjá. Ṣùgbọ́n iwájú ńkọ́? Àwọn tó wà níwájú ni àwọn ọ̀rẹ́ Kàsímù, tí wọ́n máa ń dúró mí kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á tún dúró mí lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a.

"Sà," ni Abdulrasheed wí, "ẹ̀yìn ti dáa. Ta ló máa gbá a wọlé? Ẹ rántí Raheem, ọ̀rẹ́ mi tó bá mi wá wọn ibi tí síńkì máa wà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná."

Kàsímù rántí rẹ̀. Karimot ti bu ìrẹsì fún un lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Raheem kò sọ ti ojúmọ́ ní tirẹ̀. "Owó wíwọ pápá lọ́tọ̀, sà, owó góòlù lọ́tọ̀," ló wí, bí ẹni tó ń ka ohun tó há sórí.

Òkè-Ìrókò gbá ìdíje àkọ́kọ́, góòlù mẹ́rin sí òdo. Raheem jẹ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ wọ pápá, wọ́n ń jó. Alàgbà kan tó ti ń bọ̀ láti ọdún tí wọ́n ti dá ìdíje sílẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní òun ti rò pé òun yóò kú kí òun tó rí i.

Ní ọjọ́ Ajé, Kàsímù wọ gáráàjì. Láyí wò ó.

"Ẹ káàárọ̀," ni Láyí wí.

Ẹ̀yin ará, Kàsímù ní ìkíni yẹn wọ òun lára ju owó oṣù lọ. Ó ní ká ní Raheem tọrọ ilé òun ní wákàtí yẹn, òun ì bá bi í pé ṣé kí òun kó ẹrù jáde ni.

Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Raheem mú ọ̀rẹ́ kan wá fún àárín pápá. Ọ̀rẹ́ yẹn mọ gólì kan tó ń ṣọ́ ilé. Gólì kò gba owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n máa san ọkọ̀ òun. Nígbà tí ti àárín gbọ́ iye tí Raheem ń gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbẹ̀rẹ̀ nínú pápá bí ẹni tó wá gba afẹ́fẹ́. Kàsímù fi kún tirẹ̀. Ó sáré. Nígbà tí Raheem gbọ́ pé wọ́n fi kún ti àárín, ìrora bẹ̀rẹ̀ ní orúnkún rẹ̀. Kàsímù fi kún tirẹ̀ náà. Orúnkún san.

Kí Kàsímù tó mọ̀, kò lè wo góòlù kí ó má rí kíṣìnì mọ́. Bí Raheem bá fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, tí gbogbo èèyàn ń hó, yóò máa rò ó lọ́kàn pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù méjì nìyẹn. Gbogbo táìlì ògiri ló lọ sínú ìdíje kejì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn ni Dávídì. Dávídì ni balógun ẹgbẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà, òun àti Kàsímù ni wọ́n jọ sun bẹ́ẹ̀dì alókè-nísàlẹ̀ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orí bẹ́ńṣì ló wà báyìí.

"Kàsímù," ló wí lọ́jọ́ kan, "àwọn ọmọ yìí, ṣé lẹ́yìn wa ni wọ́n dé Òkè-Ìrókò?"

"Lẹ́yìn wa dáadáa ni."

"Ṣé wọ́n ṣì ń se ẹ̀wà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tiwọn?"

"Wọ́n ń sè é."

Dávídì mi orí. "N kò mọ̀ pé ẹ̀wà yẹn lè múni sáré báyìí."

Ó gbé ike omi, ó ń pín in fún àwọn tó gba ipò rẹ̀. Kàsímù rí i, ó sì yí ojú sí ibòmíràn.

Nílé ńkọ́? Nílé, ihò ni kíṣìnì. Karimot gbé gáàsì olójú kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbẹ̀ ló ti ń dáná, inú àwo ìwẹ̀ ló ti ń fọ abọ́. Bí ẹni kan bá fẹ́ wẹ̀, yóò kọ́kọ́ kó ìkòkò kúrò.

"Bàbá Jannah, Abdulrasheed dà?"

Kàsímù ti ń retí ìbéèrè yìí. Síbẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kọ́ ni ohun tó múra sílẹ̀.

"Ó fi ẹ̀yìn pa," ló wí. "Sítóòfù ló ń gbé níbì kan. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo."

Ojú Karimot yí padà. "Ọmọ ọlọ́mọ. Kò sì ní ìyá níbí."

Láti ọjọ́ náà, bí Karimot bá kírun, yóò dárúkọ Abdulrasheed. Kàsímù á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa gbọ́ bó ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọmọ náà ní ẹ̀yìn tuntun. Kò mọ̀ bóyá kí òun ṣe àmín.

Ó ṣe àmín.

Kò tán síbẹ̀. Karimot se pẹ́pẹ́súùpù ẹja lórí gáàsì olójú kan yẹn, ó rọ ọ́ sínú fúláàsì, ó ra ìpara gbígbóná mọ́ ọn. "Ẹ bá mi gbé e fún un," ló wí. "Ẹ sọ fún un pé kó má ronú kíṣìnì mi. Ìlera ni àkọ́kọ́."

Kàsímù kò lè da pẹ́pẹ́súùpù ẹja nù, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ó gbé e lọ síbi ìdánrawò. Abdulrasheed mu ún tán, ó nu ẹnu.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì," ló wí. "Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀yìn kì í ṣe kékeré."

Òkè-Ìrókò wọ àṣekágbá. Ta ni wọn yóò bá pàdé? Ìsàlẹ̀-Odò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Raheem pe Kàsímù lórí fóònù.

"Sà, Ẹ̀gbọ́n Láyí pè mí."

"Láyí wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, sà. Wọ́n ní iye tí ẹ ń san, àwọn á san án ní ìlọ́po méjì."

Owó òkúta dídán tí yóò wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló kù nínú owó Karimot. Òkúta ọ̀hún, Karimot ti yan àwọ̀ rẹ̀. Ó ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jannah. Kàsímù fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Raheem kó tó sọ fóònù kalẹ̀.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Oòrùn ràn, èèyàn kún pápá. Raheem sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, aṣọ yẹ́lò ló wọ̀. Búlúù ni ti Òkè-Ìrókò.

Kàsímù sáré bá a. "Raheem, aṣọ wo nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Wọ́n tún fi kún un láàárọ̀ yìí."

"Owó tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Owó ìdúró nìyẹn, sà," ni Raheem wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Mo sì dúró. Àárọ̀ yìí ni mo tó lọ."

Kàsímù kọjá sọ́dọ̀ Láyí. "Láyí, o mọ̀ pé ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò."

"Háà. Ta ló sọ fún ọ?" Láyí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìgbìmọ̀ ìdíje ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Lọ fẹjọ́ mi sùn. Sọ fún wọn pé mo jí ayédèrú rẹ."

Kàsímù dúró síbẹ̀. Ó wo ìgbìmọ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àlejò pàtàkì ọjọ́ náà ni Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, tó jẹ́ pírínsípà Òkè-Ìrókò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Barking Riverside, ìgbìmọ̀ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbé ife fún ẹni tó bá borí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Dávídì níbi bẹ́ńṣì, Dávídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dávídì," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo ń ká máńgòrò mi."

"Èmi ni, sà."

Ó dé ọ̀dọ̀ Abdulrasheed. Ó gbójú sókè kó tó rí ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ilé wo lo wà?"

Ẹni tó bá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní họ́sìtẹ́ẹ̀lì mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí kódà tó bá ń sùn. Kàsímù ti kọ́ àwọn ọmọ náà ní orin ilé-ìwé, ó ti kọ́ wọn ní orúkọ ìyá alásè. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ilé.

"Alibon ni, sà," ni Abdulrasheed dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Bàbá fi etí sílẹ̀ dáadáa. "Ní Òkè-Ìrókò ni mo ní."

Kàsímù bẹ́ sí àárín wọn. "Ilé tuntun ni, sà. Ilé Alibon. Lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì ni wọ́n dá a sílẹ̀."

"Ta ni ń jẹ́ Alibon?"

"Ó... ó fún ilé-ìwé lówó, sà."

"Kí Ọlọ́run san án fún un," ni Bàbá wí, ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Kàsímù ti sọ fún Karimot pé kó má wá. Oòrùn yóò pọ̀, ariwo yóò pọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé alága ìgbìmọ̀ ti pe Karimot fúnra rẹ̀, ó ní àwọn ìyàwó máníjà ni yóò gbé mẹ́dàlì fún àwọn ọmọ. Karimot fẹ́ fi ìyàlẹ́nu dá ọkọ rẹ̀ lọ́lá. Ó wọ bùbá àwọ̀ búlúù, ó dé lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, Raheem sì ti jẹ góòlù kan fún Ìsàlẹ̀-Odò. Wọ́n fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì.

Bó ṣe ń jókòó gan-an ni Òkè-Ìrókò ń gbá kọ́nà. Bọ́ọ̀lù fò wá. Ọkùnrin gíga kan bẹ́ láti ẹ̀yìn, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó tẹ ara sẹ́yìn bí ọrun, ó fi orí kàn án wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ta òkìtì lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo èèyàn dìde. Karimot nìkan ló ṣì jókòó.

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lórí àga méjì yẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún Kàsímù lẹ́yìn náà.

"Abdulrasheed nìyẹn," ni Karimot wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Káfíńtà tó ń ṣe kíṣìnì mi. Ẹ̀yìn ń dùn ún."

"Káfíńtà?" ni Bàbá wí. "Ọmọ ilé Alibon kọ́?"

"Alibon ló ń gbé, sà. Ṣàgámù ló ti kàwé. Ó sọ fún mi."

Láti òdìkejì pápá, Kàsímù rí orí méjì tó súnmọ́ra wọn. Ó rí i tí wọ́n jọ yíjú wo òun. Ó ní òun wá ibi tí òun lè sá gbà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó súnmọ́ jù, òun fúnra òun ló yẹ kó máa wà á lọ́jọ́ náà.

Réfírì fọn fèrè ìsinmi. Karimot dìde, ó gba àárín pápá bọ̀. Kò sáré. Bí inú bá ń bí Karimot, kì í sáré.

Ọ̀dọ̀ Abdulrasheed ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ọmọ mi, ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ káàsán, Mọ́mì." Abdulrasheed dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yìn wà dáadáa. Góòlù kan ṣoṣo ló kọjá, gólì ló sì jẹ̀bi ìyẹn."

"Mi ò bi ọ́ ní ti bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ara rẹ. Èyí tó o fi pa."

"Mi ò fi ẹ̀yìn pa, Mọ́mì."

"Pẹ́pẹ́súùpù tí mò ń gbé ránṣẹ́?"

"Mò ń mu ún, Mọ́mì. Ó ń fún wa lágbára."

"Ìpara ńkọ́?"

"Raheem fi pa itan."

Karimot yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti rọ̀gbà yí wọn ká.

"Bàbá Jannah, owó kíṣìnì mi dà?"

Kàsímù wo pápá, ó wo àwọn ọmọ tó na ẹsẹ̀ sórí koríko tí wọ́n ń mu omi. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ó ń sinmi," ló wí. "Ó máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìpẹ́."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà páàkì. Ti Láyí ló pariwo jù. Ó di ikùn mú, ó ń gbá ilẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Karimot dúró títí ó fi rín in tán.

"Ẹ̀yin náà, Láyí. Raheem tó wọ aṣọ yín yìí, ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò ni?"

"Ọmọ wa ni, ìyàwó wa."

"Ó jẹ ìrẹsì nílé mi. Ó sọ fún mi pé Peckham níbí ni wọ́n bí òun sí, ìyá àgbà òun ló kọ́ òun ní Yorùbá, òun kò sì tíì dé Nàìjíríà rí."

Ẹ̀rín Láyí gbẹ. Raheem tẹ̀ síwájú, ó ní òun kò purọ́ o, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan, wọ́n kàn ń fún òun láṣọ ni.

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ti dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Kàsímù. Èló lo ti ná?"

Kàsímù sọ ọ́ ní etí rẹ̀. Bàbá fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Àga kíláàsì kan ni ìwọ ń lé," ló wí. "Owó tí o dárúkọ yìí, gbogbo kíláàsì ni ì bá rí àga jókòó."

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ sókè. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ ẹ̀wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun wọ aṣọ rẹ̀ ni kó padà wọ pápá. Àwọn yòókù kí wọ́n wá jókòó kí wọ́n wòran.

Òkè-Ìrókò ṣẹ́ ku mẹ́jọ. Ìsàlẹ̀-Odò ṣẹ́ ku mẹ́rin, nítorí Láyí lówó ju Kàsímù lọ. Wọ́n kó gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì sí i, kò tó. Bàbá na ọ̀pá sí Kàsímù àti Láyí, ó ní kí àwọn náà wọlé.

Apá kejì àṣekágbá yẹn, ẹni tí kò rí i pàdánù. Àwọn bàbá ọlọ́mọ ń lé bọ́ọ̀lù tó ti dúró. Láyí, nínú ṣòkòtò iṣẹ́, gbá a lẹ́ẹ̀kan, bàtà rẹ̀ ló fò lọ, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Kàsímù bẹ́ láti fi orí kan èyí tó ti kọjá. Ẹnì kan jókòó sórí koríko láàárín pápá, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ, òun ń bọ̀. Dávídì ló bọ́ sáàárín àwọn igi góòlù, ó ń kọ orin ìjọ, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bà á nínú, ó sì padà. Kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Raheem àti Abdulrasheed wà létí pápá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ títí omi fi ń jáde lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wọn.

Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò ní fún ẹgbẹ́ méjèèjì ní ife. Wọ́n ṣe ìwádìí gbogbo ẹgbẹ́ tó díje, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí tí kò háyà ẹnikẹ́ni: àwọn tí Òkè-Ìrókò gbá ní mẹ́rin, tí wọ́n sì kẹ́yìn pátápátá. Àwọn ni wọ́n gbé ife fún, àwọn ni wọ́n kó àga àti tábìlì ránṣẹ́ sí.

Kàsímù rò pé owó ni yóò dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ó ti múra: yóò fi àkókò kún iṣẹ́, yóò dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Karimot gbọ́ ọ títí dópin.

"Owó á padà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ síwájú Ọlọ́run, mo ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀yìn tí kò dun ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn mi. Ẹ ṣe àmín."

Kàsímù ní òun ti gbọ́ èébú láyé òun, àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì kì í fi èébú falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ òun lára bí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn.

Fún ìgbà pípẹ́, Karimot kò bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Abdulrasheed padà síbi iṣẹ́, Kàsímù sì di lébírà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí kò bá wakọ̀. Bí Karimot bá fẹ́ nǹkan, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Abdulrasheed, sọ fún lébírà rẹ pé kó gbálẹ̀."

"Sà," ni Abdulrasheed yóò wí, ojú a sì máa tì í, "Mọ́mì ní kí ẹ gbálẹ̀."

Kàsímù lọ bá Dávídì nílé, ó bẹ̀ ẹ́. Ó sì dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ó jẹ́wọ́. Wọ́n gba ipò máníjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Dávídì, wọ́n ní kí Kàsímù máa fọ aṣọ ẹgbẹ́. Ó ń fọ̀ ọ́. Ohun tó ní kí a bá òun sọ fún yín ni pé owó lè ra ẹsẹ̀ ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún yín, ó sì ń ṣiṣẹ́, òun kò ní purọ́ pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fowó fà wá, owó ẹlòmíràn ló ń dúró dè.

Kíṣìnì parí kí ìgbà òtútù tó dé. Kò sí òkúta dídán níbẹ̀, pákó ni, ṣùgbọ́n ó mọ́, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń ṣubú.

Lọ́dún yìí, Òkè-Ìrókò tún kó àwọn àgbà rẹ̀ jáde. Kàsímù padà délé láti ìdíje àkọ́kọ́ pẹ̀lú àpò aṣọ ìdọ̀tí ní èjìká. Karimot wà nídìí sítóòfù.

"Báwo ni?" ló bi í, kò yíjú.

"Wọ́n gbá wa ní mẹ́ta."

"Ẹ̀yin jẹ mélòó?"

"A ò jẹ."

"Èló lẹ san?"

"A ò san kọ́bọ̀."

Karimot ṣí ìkòkò, ó bu oúnjẹ fún un, ó fi ẹran kan lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí. "Ẹ gbá a dáadáa."